Kíkọ́ ọ̀rọ̀ Bàyọ́lọ́jì láti orí tábìlì alápatà

Alápatà ni bàbá mi ní Ìwó. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ fùkù yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀, mo mọ ṣàkì, mo mọ àbọ̀dí, mo sì mọ ibi tí òróǹro fara pamọ́ sí lẹ́bàá ẹ̀dọ̀, tí ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án kí ẹran oníbàárà má baà korò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe WAEC, F9 ni mo gbà nínú Bàyọ́lọ́jì.

Kì í ṣe pé n kò kàwé. Mo há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí débi pé bí o bá jí mi lóru tí o ní “osmosis”, màá kà á fún ọ láì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ya ọkàn sínú ìwé ìdánwò, wọ́n tọ́ka sí ojú ibi mẹ́rin, wọ́n ní kí n dárúkọ wọn. Èmi tí mo ti fọ ọkàn màlúù àìmọye ìgbà, mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni pé a kò pàdé rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkàn inú ìwé àti ọkàn orí tábìlì bàbá mi, ọ̀kan náà ni.

Mo tún un ṣe, mo yege, mo sì di olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà (SS) tó ń wá gba ẹ̀kọ́ àfikún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nírọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún ìwọ náà. Nǹkan ni kí o kọ́kọ́ rí, kí o dárúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí o tó gbé orúkọ òyìnbó lé e lórí. Bí orúkọ bá ṣáájú nǹkan, yóò máa fò kiri nínú orí rẹ bí ẹyẹ tí kò rí igi bà lé.

Ra ìwé kékeré kan, olójú-ewé ogójì. Fa ìlà sí i kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ọ̀nà kìíní, kọ ọ̀rọ̀ náà bí WAEC ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ní ìkejì, kọ ibi tí o ti fojú ara rẹ rí i. Ní ìkẹta, kọ bí o ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ ní ìdáná. Ìkẹrin ni mo fẹ́ràn jù: ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, tí ènìyàn lè ṣì í pè. Bí ọ̀nà kejì bá ṣófo, o kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà, bó ti wù kó dùn lẹ́nu rẹ tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ tó ti ko ọmọ Yorùbá púpọ̀ sí kòtò: iṣan. Iṣan ni nọ́ọ̀sì ń wá kiri lápá kó tó gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Iṣan ni ohun funfun tó le gbọingbọin lẹ́yìn ẹsẹ̀ màlúù, tí eyín kò lè já. Iṣan náà la ní ó fà nígbà tí ènìyàn bá gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Lójú tiwa, gbogbo wọn ni iṣan, kò sì sí ìjà. Lójú Bàyọ́lọ́jì, wọ́n jẹ́ artery àti vein (ọ̀nà ẹ̀jẹ̀), nerve (ọ̀nà ìmọ̀lára), tendon (okùn tó so ẹran ara mọ́ eegun) àti muscle (ẹran ara fúnra rẹ̀), ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ niṣẹ́ wọn. Ọmọ tó bá lọ fi “iṣan” kan ṣoṣo sórí, tó wá ń mú orúkọ òyìnbó bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò kó wọn pọ̀ mọ́ra bí ẹ̀wà àti àgbàdo.

Nítorí náà, lọ sọ́jà. Ra ọkàn ewúrẹ́ kan. Sọ fún alápatà pé kó má gé ọ̀pá orí rẹ̀ dànù. Wọ́n sábà máa ń gé e kó lè mọ́ lójú oníbàárà. Nígbà tí o bá délé, fi ìka tẹ àwọn ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn, tó ń padà di róbótó bí o bá ti mú ìka kúrò, artery ni. Èyí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tó lẹ̀ mọ́ra bí náílọ̀n tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, vein ni. Ọkàn ló ń fi agbára ta ẹ̀jẹ̀ sínú artery, ìdí nìyẹn tí ògiri rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ le. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fi yí ara ká tó ń bọ̀ nílé nínú vein, agbára ti tán lára rẹ̀, ògiri tín-ín-rín tó o. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ méjèèjì kì í gbàgbé.

Kọ èyí sí ọ̀nà kẹrin pẹ̀lú bírò pupa: artery ń kó ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, vein ń kó o bọ̀ wá sí ọkàn. Má ṣe kọ ọ́ pé artery ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí atẹ́gùn oxygen pọ̀ nínú rẹ̀. Pulmonary artery ń jáde láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kò sì ní oxygen púpọ̀. Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fi ń mú ọmọ tó há nǹkan sórí.

Ó kù, la ọkàn náà sí méjì láti òkè dé ìdí rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó. Wàá rí yàrá mẹ́rin, kékeré méjì lókè tí wọ́n ń pè ní auricle, ńlá méjì nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ventricle. Ògiri ventricle kan nípọn ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́ta. Apá òsì nìyẹn, nítorí òun ló ń ta ẹ̀jẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀; apá ọ̀tún kàn ń ta tirẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí ni. Àwọn okùn funfun tín-ín-rín tí wàá rí nínú rẹ̀ ló di ilẹ̀kùn inú ọkàn mú, kó má baà ṣí sẹ́yìn. Nínú àwòrán, apá òsì ọkàn máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, nítorí ẹni tó ni ọkàn náà kọjú sí ọ ni. Bóyá ohun tó pa mí lọ́dún tí mo gba F9 nìyẹn, n kò mọ̀ títí dòní.

Nígbà tí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́, ra fùkù díẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀. Ní Yorùbá, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo sì ti rí ọmọ tó kọ “liver” síbi tí wọ́n ti bi í léèrè ohun tí a fi ń mí. Ju ègé méjèèjì sínú abọ́ omi. Ẹ̀dọ̀ á rì. Fùkù, tí í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ẹran, á léfòó, nítorí atẹ́gùn kún inú ihò kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Alveoli lorúkọ ihò wọ̀nyẹn. O ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. (Àti pé ọpọlọ ni brain, ọ̀pọ̀lọ́ ni toad. Má rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú agbárí ènìyàn nínú ìwé tí mo máàkì.)

Bàbá mi kì í fi ọ̀bẹ já eegun. Oríkèé ló máa ń wá, ọ̀bẹ á kàn wọlé, itan á bọ́. Ọ̀rọ̀ Bàyọ́lọ́jì náà ní oríkèé, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi èdè Gíríìkì àti Látìn tò pọ̀. Haemo ni ẹ̀jẹ̀. Cyte ni sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara. Erythro ni pupa, leuco ni funfun. Tí o bá rí leucocyte, kò tún sí ohun tí o fẹ́ há sórí: sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni. Lysis ni kí nǹkan tú tàbí kó fọ́, nítorí náà haemolysis ni kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fọ́. Photo ni ìmọ́lẹ̀: photosynthesis ni kí ewé fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, phototropism ni kí ọ̀gbìn ojú fèrèsé máa tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Endo ni inú, ecto ni ìta: aràn inú ikùn jẹ́ endoparasite, eégbọn tó lẹ̀ mọ́ etí ajá jẹ́ ectoparasite.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa ṣi oríkèé. Homo tó wà nínú homozygous túmọ̀ sí “kan náà” ní Gíríìkì. Homo tó wà nínú Homo sapiens, ti Látìn ni, ènìyàn ló sì túmọ̀ sí. Wọn kò bá ara wọn tan rárá.

Wàyí o, osmosis. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n kà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bó iṣu tútù kan, gé e kó ní ìdí tó lè jókòó, gbẹ́ àárín rẹ̀ bí ife. Da omi iyọ̀ tó ki sínú ihò náà dé ìdajì, fi pín-ìnnì gún ara iṣu níbi tí omi dé. Gbé e sínú àwo tí omi lásán wà nínú rẹ̀. Ṣe iṣu kejì bákan náà, ṣùgbọ́n bọ èyí ná kó tó dé ibẹ̀. Lọ sùn. Ní òwúrọ̀, omi inú iṣu tútù ti gòkè kọjá pín-ìnnì. Inú iṣu bíbọ̀, kò gòkè.

Kí ló fà á? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì iṣu ká dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: ó ń jẹ́ kí omi kọjá, ó ń dá àwọn nǹkan mìíràn dúró bí asẹ́ ṣe ń dá eèrí dúró. Omi pọ̀ nínú àwo ju inú ihò lọ, nítorí iyọ̀ ti gba àyè nínú ihò. Omi wá ń ti ibi tó pọ̀ sí gba inú awọ náà lọ síbi tí kò pọ̀ tó. Iná ti ba awọ ti iṣu bíbọ̀ jẹ́, asẹ́ ti ya, kò sí osmosis mọ́. Bí o bá ti lè sọ ìyẹn fún ìyá rẹ tó sì mi orí, wá lọ kọ “semi-permeable membrane” sínú ìwé rẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, “Ma, gààrí tó ń wú nínú omi ńkọ́, ṣé osmosis náà ni?” Rárá. A ti yan gààrí, kò sí awọ sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó kàn ń fa omi mu ni, imbibition ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ́n iyọ̀ sórí tòmátò tí o gé, tí omi ń sun jáde lára rẹ̀, osmosis nìyẹn.

Diffusion rọrùn ju ìyẹn lọ. Ju òdòdó sobo gbígbẹ kan sínú gíláàsì omi tútù, má rò ó. Wo bí àwọ̀ pupa ṣe ń rìn fúnra rẹ̀ láti ibi tó ki lọ síbi tí kò sí. Kò nílò awọ kankan. Ìyàtọ̀ wọn nìyẹn, ó sì tó.

Respiration àti breathing ni ẹ̀yin ọmọ máa ń kó pọ̀ jù. Mímí ni breathing: àyà gòkè, àyà sọ̀ kalẹ̀. Respiration kì í ṣe mímí; inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí ara ti ń tú oúnjẹ kó lè rí agbára lò. Iwúkàrà inú ẹmu kò ní imú, kò ní àyà, síbẹ̀ ó ń ṣe respiration. Wo ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láàárọ̀: ó dùn, ó ń hó, ìfófòó ń yọ lẹ́nu agbè. Tó bá dalẹ́, adùn ti lọ, ó ti kan. Iwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ láì lo oxygen, ó ti sọ ọ́ di ọtí, carbon dioxide ló sì ń hó yẹn. Anaerobic respiration lorúkọ rẹ̀ lójú WAEC. Àwọn bàbá àgbà tó jókòó yí agbè ká ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, orúkọ náà ni wọn kò gbọ́.

Excretion àti egestion ńkọ́? Ìtọ̀ àti òógùn ni excretion, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì ara ni pàǹtí wọn ti wá. Ìgbẹ́ ni egestion: oúnjẹ tó gba inú ìfun kọjá láì wọnú sẹ́ẹ̀lì ni. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti kọ ọ́ sí ọ̀nà kẹta.

Ọ̀rọ̀ kejì tó dà bí iṣan ni kòkòrò. Tata ni kòkòrò, aràn ni kòkòrò, ohun àìrí tó ń fa àìsàn náà ni kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń kọ ọ́ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Ẹ̀fọn ni ọ̀kadà, Plasmodium, ohun àìrí tó ń fa ibà gan-an, ni èrò tó gùn ún. Abo ẹ̀fọn Anopheles nìkan ló ń gbé èrò yìí. Vector ni wọ́n ń pe ọ̀kadà náà, pathogen ni èrò. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí Plasmodium nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, ṣáájú ìgbà náà afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi. Parasite ní tirẹ̀, wo àfòmọ́ orí igi kòkó. Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀: ó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀, omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ló ń jí.

Fún mitosis, ronú èbù iṣu. Èbù tí o gé lára iṣu kan á hù, á ta irú iṣu yẹn gan-an, nítorí sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì tó bára dọ́gba. Tènìyàn, 46 ni chromosome (okùn tó ń gbé àbùdá) inú sẹ́ẹ̀lì kan, 46 náà ni ti sẹ́ẹ̀lì méjì tó jáde lára rẹ̀. Meiosis ni ti àtọ̀ àti ẹyin, ó ń gé 46 sí 23, kí ti ìyá àti ti bàbá lè para pọ̀ di 46. Fún fertilization, bó àgbàdo tútù kan pẹ̀lẹ́. Irun kọ̀ọ̀kan tó jáde lórí rẹ̀, ìdí ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo ló ti wá. Irun tí ìyẹ̀fun láti orí ìrùkẹ̀rẹ̀ kò bá bà lé, ọmọ tirẹ̀ kò ní gbó. Àgbàdo tó yọ eyín tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, pollination, ìyẹn kí ìyẹ̀fun bà lé irun, ni kò dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí fertilization kò fi wáyé.

Ibi tí mo ti máa ń fara balẹ̀ jù ni genotype, ìyẹn àbùdá méjì tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Mú ike méjì. Fi ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan sínú ike bàbá, ṣe bẹ́ẹ̀ sí ike ìyá. Funfun ni A, pupa ni S. AS ni àwọn méjèèjì. Dijú, mú ẹyọ kan nínú ike kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí o rí, dá wọn padà, tún mú. Lọ́jọ́ tí a ṣe é ní ogójì ìgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, SS, tí í ṣe fòníkúfọ̀ladìde, wá ní ìgbà 13, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ní 10. Ó tún wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Ọmọbìnrin kan dákẹ́, ó ní, “Ma, màmá mi rò pé èyí kẹrin nìkan ló máa ní fòníkúfọ̀ladìde.” Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà méjì nínú ike méjì: ìdá kan nínú mẹ́rin, ní gbogbo ìgbà. Ohun tó kọjá kò sí nínú ike. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kọ heterozygous (AS) àti homozygous (AA tàbí SS) sára pátákó, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìtumọ̀ wọn.

Ẹ̀yin òbí tó ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Orúkọ Látìn kò nílò ariwo. Ẹ̀gẹ́ nibì kan, gbágùúdá nibòmíràn, pákí níbòmíràn. Manihot esculenta ni káàkiri ayé. Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ kìíní, kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ìkejì, tí o bá sì fọwọ́ kọ ọ́, fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Sípẹ́lì náà ṣe kókó: ọmọ tó kọ “photosintesis” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju máàkì nù.

Ní alaalẹ́, bo ọ̀nà kìíní pẹ̀lú ọwọ́, ka ìkejì àti ìkẹta, dárúkọ ọ̀rọ̀ náà kí o sì kọ ọ́. Márùn-ún lóòjọ́ tó. Èyí tí o bá ṣì, tún un kọ sí ojú ewé ọ̀la.

Fún ọ̀la, ọkàn ewúrẹ́ yẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí o fi yà á, kì í ṣe bírò. Rúlà ni kí o fi fa ìlà orúkọ, má fi orí ọfà sí i. Tí o bá yà á tán, fọ̀ ọ́ dáadáa, fọ ọwọ́ rẹ náà, kí o gbé e fún ìyá rẹ. Ó dùn nínú ọbẹ̀ ata, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lórí iná. Ògiri apá òsì ló máa ń rọ̀ kẹ́yìn.